Ìkòkò Tábà Tí Ìgbálẹ̀ Kò Gba Inú Rẹ̀ Kọjá

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má bínú bí mo bá fi ohun kékeré kan gba àkókò yín lóṣù yìí. Ohun náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ìkòkò tábà ni, èyí tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní páìpù. Ọjà kan ní Èkó ni mo ti rà á, níbi tí wọ́n ti ń ta iṣẹ́ ọnà fún àlejò àti fún àwọn ọmọ wa tí wọ́n bá ti òkè òkun dé. ₦12,000 ni ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń tà á dá lé e. A yọwó títí, mo san ₦7,500. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ohun tí àwọn baba wa ń lò gan-an nìyí." Mo gbé e sápò, inú mi ń dùn bí ẹni tí ó rí owó he.

Bí ẹ bá wò ó lójú, ẹ ó fẹ́ràn rẹ̀. Igi dúdú kan ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, odindi kan ṣoṣo, láìsí oríkèé. Níbi tí tábà yóò wọ̀, wọ́n gbẹ́ orí bàbá arúgbó kan síbẹ̀, onírùngbọ̀n, ilà àbàjà wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì, fìlà rẹ̀ ni ó sì jẹ́ etí ìkòkò náà. Ọ̀pá rẹ̀ tẹ̀ bí ọrùn lékeléke. Fáníìṣì tí wọ́n fi kùn ún ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rí ojú ara mi nínú rẹ̀. N kò ní purọ́, ọwọ́ ẹni tí ó gbẹ́ orí yẹn mọ iṣẹ́. Ilà ojú kò wọ́, ìpéǹpéjú rọra wálẹ̀ bí ti ẹni tí oorun ọ̀sán ń kùn, etí sì wà níbi tí etí ń gbé.

Nígbà tí mo délé, mo ṣe ohun tí mo máa ń rí ìyá ìyá mi ṣe nígbà tí mo wà ní kékeré. Mo fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ, mo tì í bọ ẹnu ọ̀pá. Ó wọlé bí íǹṣì kan, ó dúró. Mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì, kò lọ. Mo wá tan iná tọ́ọ̀ṣì sínú orí bàbá arúgbó láti òkè. Kò sí ihò kankan ní ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó ṣe é kàn fi irin gbígbóná tọ ẹnu ọ̀pá díẹ̀ kí ó lè jọ ihò lójú ẹni tí ń rà á. Kì í ṣe pé ihò náà dí o. Wọn kò lù ú rárá ni.

Àwọn kan nínú yín yóò ní, kí ló kàn ọ́ níbẹ̀? Ṣebí o ti jáwọ́ nínú tábà láti ọjọ́ pípẹ́? Òótọ́ ni, mo ti jáwọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo ń ṣe nínú ìwé ìròyìn ni kí n máa wo ohun tí ọwọ́ ènìyàn ṣe, ìbáà ṣe eré ìtàgé, ìbáà ṣe àwo orin, ìbáà ṣe aṣọ òfì, kí n sì sọ ibi tí ó dára sí àti ibi tí ó kù sí. Bí mo bá lè jókòó wákàtí mẹ́ta gbáko kí n tó wí pé eré kan kò dùn, ó yẹ kí n lè sọ ìdí tí ìkòkò yìí fi bí mi nínú. Kì í ṣe nítorí ₦7,500 nìkan.

Orúkọ rẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Òyìnbó tí ó pè é ní páìpù, ọ̀pá tí èéfín ń gbà kọjá ni ojú rẹ̀ wà. Orúkọ kan náà ni ó ń pe ọ̀pá omi ẹ̀rọ. Àwa ní tiwa, ìkòkò ni a pè é. Ìkòkò ọbẹ̀, ìkòkò àgbo, ìkòkò aró, ìkòkò tábà. Ẹni tí ó sọ ọ́ lórúkọ wò ó, ó rí i pé iṣẹ́ iná ni iṣẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀nà tí a fi ń dájọ́ ìkòkò ni kí a fi dájọ́ rẹ̀. Ṣé ara rẹ̀ gba iná? Ṣé ó nípọn dọ́gba? Ṣé ìdí rẹ̀ dára? Àwọn àgbà ti sọ pé ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Ẹni tí ó bá ti mu ìkòkò tábà rí mọ̀ pé òwe yìí kì í ṣe òwe lásán níbi tí ọ̀rọ̀ wa yìí dé. Ìdí ikùn rẹ̀ ni ohun gbogbo wà: ibẹ̀ ni ihò ń yọ sí, ibẹ̀ ni omi ń gbára jọ sí, ibẹ̀ náà ni ó ti kọ́kọ́ ń jó lu.

Ìkòkò ìyá àgbà kò ní ojú, kò ní imú, kò sí ẹni tí yóò gbé e sórí tábìlì fún àlejò wò. Amọ̀ sísun ni, ó dúdú kirimú nítorí iná àti ọwọ́. Ikùn rẹ̀ kò ju ìlàjì ẹyin adìyẹ lọ. Wọ́n ti fi èékánná fa ilà wẹ́wẹ́ yí etí rẹ̀ ká nígbà tí amọ̀ ṣì tutù, ìyẹn nìkan sì ni ẹ̀ṣọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ikùn ni ọrùn kúkúrú kan wà, tí ó sanra bí àtàǹpàkò, ẹnu ọrùn yìí ni wọ́n sì ń ti ọ̀pá bọ̀. Ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ ni ọ̀pá náà, òwú dúdú ni ìyá àgbà fi wé ìdí rẹ̀ kí ó lè há dáadáa. Bí ọ̀pá bá ti mu oje tábà yó tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í korò lẹ́nu, yóò yọ ọ́ sọnù, yóò gé òmíràn. Ọ̀pá mélòó ni ìkòkò yẹn gbó mọ́ra! Nígbà tí kò bá mu ún, ó ń fi há ìdí ìró. Tí ó bá sì fẹ́ mu ún, ìgbálẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bèèrè. "Bí ìgbálẹ̀ ò bá kọjá, èéfín ò ní kọjá," bẹ́ẹ̀ ni yóò máa wí, èmi ni n ó sì sáré lọ fa ìgbálẹ̀ náà wá.

Ẹ jẹ́ kí n tú ohun kékeré yìí palẹ̀, nítorí ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀ pọ̀ ju bí ó ti rí lójú lọ. Ẹni tí ó bá ti rí àwọn ìyá amọ̀kòkò ní Dada ní Ìlọrin, tàbí ní Ìpetumodù, lẹ́nu iṣẹ́, yóò ti mọ̀ pé amọ̀ kò gba ìkánjú. Wọn a gún un, wọn a ṣa òkúta inú rẹ̀, wọn a pò ó, wọn a sì fi ohun tí wọ́n bá mọ sábẹ́ òjìji kí ó rọra gbẹ. Èyí tí ó bá wọ iná tòun ti omi lára yóò bẹ́. Èyí tí ó nípọn níhìn-ín tí ó fẹ́lẹ́ lọ́hùn-ún yóò sán, nítorí apá kan ń sún kì ju èkejì lọ. Bí èyí bá le fún ìkòkò ọbẹ̀ ńlá, ẹ wo bí yóò ti rí fún èyí tí kò ju ẹyin lọ, tí ẹ̀yinná yóò sì wà nínú rẹ̀ gan-an, kì í ṣe lábẹ́ rẹ̀.

Ihò wá ńkọ́? Bí amọ̀ bá ṣì rọ̀, a ó ti igi tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú ọrùn títí yóò fi yọ ní ìsàlẹ̀ ikùn, a ó sì rọra fà á yọ. Ìsàlẹ̀ gan-an ni mo wí. Bí ihò bá yọ sókè díẹ̀, tábà tí ó wà nísàlẹ̀ kò ní jó tán, omi yóò dúró síbẹ̀, ìkòkò náà yóò sì máa dún gbùlà-gbùlà lẹ́nu ẹni bí ẹni ń fa ẹ̀kọ tútù. Ohun tí ó dára jù lọ nínú rẹ̀ ni pé ihò ọrùn gún tààrà, ihò ọ̀pá náà gún tààrà. Ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé nìkan ni ó tẹ̀. Ìkòkò náà tẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ihò kan nínú rẹ̀ tí ó wọ́.

Ẹ wá padà sí bàbá onírùngbọ̀n mi. Igi kan ṣoṣo, ọ̀pá tí ó tẹ̀ bí ọrùn lékeléke. Kò sí irin tí ó lè lu ihò gba inú ọrùn lékeléke kọjá láìyọ sí ẹ̀gbẹ́. Agbẹ́gilére náà ti yan àwòrán tí kò ṣe é lu kí ó tó mú àáké lọ́wọ́. Nígbà tí ó dé ibi ihò, kò sí ohun tí ó lè ṣe ju kí ó purọ́ lọ.

Kì í ṣe àwa nìkan ni a ti mọ àṣírí yìí. Àwọn ará Saint-Claude, ìlú kan ní òkè Jura ní ilẹ̀ Faransé, ti ń fi gbòǹgbò igi kan tí wọ́n ń pè ní bráyà ṣe páìpù láti àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Igi kékeré ni bráyà, etí òkun Mẹditaréníà ni ó ti ń hù, nínú ilẹ̀ olókùúta tí omi kò pọ̀ sí. Kì í ṣe ẹ̀ka rẹ̀ ni wọ́n ń lò, bí kò ṣe kókó tí ó wà láàárín gbòǹgbò àti igi. Wọ́n á gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n á bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí oje rẹ̀ lè jáde, wọ́n á sì sá a fún oṣù púpọ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tó kàn án. Páìpù wọn tí ó bá tẹ̀, ẹ yọ ẹnu rẹ̀ kí ẹ wò ó: ihò inú igi gún tààrà, rọ́bà líle tí wọ́n fi ṣe ẹnu nìkan ni wọ́n fi iná tẹ̀. Ọgbọ́n ìyá àgbà ni, wọ́n kàn wọ kóòtù fún un ni.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú ti àwọn òyìnbó kì í ṣe bráyà. Ṣùkù àgbàdo ni. Ní ìlú Washington, èyí tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Missouri ní Amẹ́ríkà, kì í ṣe ti ààrẹ wọn, iléeṣẹ́ kan wà tí ó ti ń fi ṣùkù ṣe ìkòkò tábà láti 1869. Henry Tibbe, gbẹ́nàgbẹ́nà kan tí ó ti ilẹ̀ Họ́láńdì wá, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní 1878 ó gba ìwé àṣẹ lórí bí a ṣe ń fi ẹfun bí irú èyí tí àwọn dókítà fi ń di egungun tí ó ṣẹ́ dí ojú ihò wẹ́wẹ́ ara ṣùkù. Ọdún méjì ni wọ́n fi ń jẹ́ kí ṣùkù náà gbẹ. Ọ̀gágun MacArthur mu ún tí gbogbo ayé rí i lẹ́nu rẹ̀ nínú àwòrán. Ohun tí àwa ń jù sí ewúrẹ́ lẹ́yìn tí a bá jẹ àgbàdo tán ni o! Kì í pẹ́, yóò jó lu lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n kò pe ara rẹ̀ ní ohun tí kì í ṣe. Ṣùkù ni, ó jọ ṣùkù, èéfín ń gba inú rẹ̀ kọjá.

Ní ti àwọn ará Eskişehir ní ilẹ̀ Tọ́kì, ẹnu mi kò gún régé lórí tiwọn. Wọ́n ń wa òkúta funfun fúyẹ́ kan nínú ilẹ̀, èyí tí òyìnbó ń pè ní meerschaum. Bí ó bá tutù, ó rọ̀ bí ọṣẹ, ọ̀bẹ ń wọ̀ ọ́ bí ó ṣe fẹ́. Wọ́n ń gbẹ́ orí ọba onílawàní, kìnnìún àti àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin sí i lára. Wọ́n ń rì í sínú ìda oyin. Bí ènìyàn bá sì ti ń mu ún, òkúta funfun náà ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dà bí oyin. Ẹwà ni, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn lawàní á pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò fi mọ̀ bóyá tábà ni wọ́n ń mu ni àbí orí ọba. Síbẹ̀, ihò wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ti ìgbálẹ̀ bọ ẹnu ọba onílawàní, yóò yọ nínú fìlà rẹ̀. Ìyẹn ni ó fi ju bàbá onírùngbọ̀n mi lọ.

Mo padà sí ọjà yẹn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tí ó tẹ̀lé e. Mo bá ọ̀dọ́mọkùnrin náà níbi tí ó ti ń fi aṣọ nu àwọn ère rẹ̀. Mo ní, "Àbúrò, ìkòkò tí o tà fún mi yìí kò ní ihò."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ mu ún ni? Kò sẹ́ni tó ń mu ún mọ́. Orí tábìlì ni wọ́n ń gbé e sí."

Mo ní bí ó bá jẹ́ orí tábìlì ni, kí ló dé tí ó fi tọ ihò èké sí ẹnu rẹ̀?

Ó wò mí lójú. Ó ní, "Ẹ ò rí i pé tábà ń pa èèyàn? Èyí tí ò lè pa ẹnikẹ́ni yìí, ṣé kì í ṣe òun ló dáa jù?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀rọ̀ yẹn gbá mi lẹ́nu. N kò lè dá a lóhùn. Ikọ́ ni ó pa ìyá àgbà. Ní 1994, ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó lọ, kò lè dùbúlẹ̀ mọ́, ìjókòó ni ó ń sùn sí, bí ó bá sì ti ń wúkọ́, gbogbo agboolé ni yóò jí. Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti bàjẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ènìyàn tí tábà ń pa lọ́dọọdún ju mílíọ̀nù 7 lọ, ìkòkò kò sì sàn ju sìgá lọ níbi kí a kó àrùn jẹjẹrẹ ètè, ti ẹnu àti ti ọ̀fun. Orílẹ̀-èdè wa náà ṣe òfin lórí tábà ní 2015. Ta ni èmi tí mo wá ń bá ọmọ ọlọ́mọ jà pé kò ṣe ohun tí ènìyàn lè fi pa ara rẹ̀?

Ẹ̀jẹ̀ mìíràn tún wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Tábà kì í ṣe ewé ilẹ̀ wa. Láti Amẹ́ríkà ni ó ti wá, lẹ́yìn tí àwọn òyìnbó ti dé ibẹ̀ ní 1492. Ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, bí àwọn onímọ̀ tí ń walẹ̀ wá ohun àtijọ́ bá ti bá àfọ́kù ìkòkò tábà nínú ilẹ̀, wọ́n mọ̀ pé ibẹ̀ kò lè ṣáájú nǹkan bí 1600. Thurstan Shaw, tí ó padà wá di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn, ti kọ̀wé lórí rẹ̀ láti 1960. Kí ni àwọn oníṣòwò fi ń gba ẹrú ní Àjùdá? Tábà wà nínú rẹ̀. Àwọn ará Bàhíà ní Brazil a máa kó ewé tí kò dára tó láti tà fún Yúróòpù jọ, wọn a fi oyin ìrèké rẹ ẹ́, wọn a ká a bí okùn, ọkọ̀ òkun a sì gbé e wá sí etíkun wa. Pierre Verger tú òwò yìí palẹ̀ nínú ìwé ńlá tí ó tẹ̀ jáde ní 1968. A fi èéfín ra ọmọ ènìyàn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ń sọ èdè tí mo fi ń kọ̀wé yìí.

Nítorí náà, n kò ní sunkún pé ìkòkò tábà ti kásẹ̀ nílẹ̀. Láti àwọn ọdún 1930 tí iléeṣẹ́ sìgá ti wà ní Ìbàdàn ni sìgá ti ń lé e jáde. Èyí tí ó lé e kò sì sàn jù ú lọ. Bí kò bá sí ẹni tí ó ń mu ún mọ́ láéláé, inú mi á dùn.

Ṣùgbọ́n mo lọ sílé, mo rò ó, mo sì rí ìdáhùn tí n bá fún ọmọ náà. Ẹ wo ère Èṣù. Àwọn agbẹ́gilére wa àtijọ́ a máa gbẹ́ ẹ mìíràn tí yóò máa fọn fèrè, wọn a gbẹ́ òmíràn tí yóò fi ìka sẹ́nu, wọn a sì gbẹ́ èyí tí yóò fi ìkòkò tábà sẹ́nu. Ìkòkò ẹnu Èṣù kò ní ihò. Ta ni yóò bínú sí i? Ẹnu ère ni ó wà, ère sì ni ó ń mu ún. Kò sí ẹni tí a tàn jẹ. Bí ọmọ yìí bá gbẹ́ orí bàbá onílà àbàjà kan tí ó pè é ní orí, n bá ra á, n bá gbé e síbi tí mo ti ń kọ̀wé, n bá sì yìn ín nínú ìwé ìròyìn yìí. Orí náà dára. Ìkòkò tí ó fi ṣe ni kò dára, àti ọ̀rọ̀ tí ó fi tà á: "Ohun tí àwọn baba wa ń lò gan-an nìyí."

Ibẹ̀ ni ó ti dùn mí. Ta ni ń ra nǹkan wọ̀nyí? Àwọn ọmọ àwọn tí wọ́n fi tábà rà ni. Wọ́n ń ti Amẹ́ríkà wá, wọ́n ń ti Brazil wá, wọ́n ń ti erékùṣù gbogbo wá, wọ́n ń wá ohun tí ó jẹ́ ti baba ńlá wọn. Lọ́dọ̀ wọn níbẹ̀, ìkòkò yìí kò tíì kú. Nínú ẹ̀sìn Umbanda ní Brazil, níbi tí wọ́n ti ń ké pe òrìṣà wa, ẹ̀mí àwọn ẹrú àgbà tí wọ́n ń pè ní Preto Velho ń wá jókòó sórí àpótí kékeré láti gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn, ìkòkò tábà a sì wà lẹ́nu wọn. Ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ni wọ́n ń ṣe ọdún wọn, nítorí ọjọ́ yẹn ní 1888 ni Brazil fi òpin sí oko ẹrú.

Ní Barbados, níbi oko ìrèké kan tí ń jẹ́ Newton, Jerome Handler àti Frederick Lange hú ibojì àwọn ẹrú ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Nínú ibojì kan ni wọ́n ti bá ọkùnrin àgbàlagbà kan, tí wọ́n sin ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún tàbí ní ìbẹ̀rẹ̀ èyí tí ó tẹ̀lé e. Ẹ̀gbà bàbà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ tí a fi owó ẹyọ sí wà lára rẹ̀, ọ̀bẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìkòkò tábà kan náà sì wà níbẹ̀, amọ̀ pupa, ọlọ́rùn kúkúrú, irú èyí tí a ń ti ọ̀pá bọ̀. Kì í ṣe funfun ọlọ́pàá gígùn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń mu. Àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ó jọ ti etíkun Gánà. Ó gba òkun kọjá, ó sì bá ẹnì kan wọ ilẹ̀. Mo dájú pé bí ẹ bá fọ amọ̀ ibojì kúrò nínú rẹ̀, ìgbálẹ̀ yóò kọjá.

Ẹ wá fojú inú wo ọmọ ọmọ irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, tí ó wọ bàálù wá sí Èkó, tí ó san dọ́là, tí ó gbé bàbá onírùngbọ̀n lọ sílé. Lọ́jọ́ kan ọmọ rẹ̀ yóò fẹ́ ẹnu sí i. Afẹ́fẹ́ kò ní kọjá. Kí ni yóò rò nípa àwa tí a wà nílé? Kí ni yóò sì rò nípa àwọn baba rẹ̀? Pé wọn kò mọ bí a ti ń lu ihò ni.

Mo padà lọ ní ìgbà kẹta. Mo sọ gbogbo èyí fún un, bóyá mo tilẹ̀ sọ ọ́ gùn ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí mo rí i tí ó ń wo aago. Níkẹyìn ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi kọ́ ni mo gbẹ́ ẹ," ó sì pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti ẹ̀yìn ìsọ̀. Ọkùnrin tí ó jáde wá kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún, ẹ̀ẹ́rún igi kún irun rẹ̀. Mo fi ìkòkò náà hàn án, mo fi ìgbálẹ̀ hàn án. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní inú fọ́tò ni òun ti wò ó gbẹ́, fọ́tò kò sì fi inú nǹkan hàn. Kò sí ẹni tí ó mu ún rí ní ilé àwọn.

Mo fi ẹ̀yìn ìwé kan ya ti ìyá àgbà fún un: ikùn, ọrùn kúkúrú, ọ̀pá lọ́tọ̀. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Háà, méjì ni! Méjì ni wọ́n!" Ó mú ayùn, ó gé ọrùn lékeléke bàbá onírùngbọ̀n kúrò lójú mi, ₦7,500 mi sì jábọ́ sílẹ̀. Ó ti irin tẹ́ẹ́rẹ́ bọ iná èédú títí ó fi pọ́n, ó sì ń tì í bọ ọrùn díẹ̀díẹ̀, èéfín igi àti ti fáníìṣì ń ta wá lójú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìsàlẹ̀ nígbà tí orí náà sán láti fìlà dé irùngbọ̀n. Igi náà kò tíì gbẹ. Ó ṣépè, ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ó wọ ẹ̀yìn ìsọ̀ lọ, ó mú kókó igi mìíràn tí ó ní ó ti wà lórí àjà láti ọdún kejì. Kò gbẹ́ ojú sí i. Ó gbẹ́ ikùn, ó gbẹ́ ọrùn kúkúrú, ó fi ojú ọ̀bẹ fa ilà mẹ́ta yí etí rẹ̀ ká, n kò sì sọ fún un pé kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Fáníìṣì wà nítòsí, kò fọwọ́ kàn án. Wákàtí méjì ni ó gbà. Nígbà tí irin náà yọ ní ìsàlẹ̀ ikùn, ó na ọwọ́ sí mi láìwojú mi, mo sì fún un ní ìgbálẹ̀. Ó wọlé láti ẹnu ọrùn, ó yọ nínú ikùn. Ó fi ẹnu sí i, ó fẹ́ ẹ, ẹ̀ẹ́rún igi sì bò mí lójú.

Àbúrò rẹ̀ tí ń tajà ní ti èyí kò ní kéré sí ₦15,000. N kò yọwó.